Kòkòrò kan ń gbé ẹsẹ̀ yìnyín, yìnyín sì ń tán: kí ni òfin lè ṣe sí i?

Lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, ọ̀kan nínú àwa tí a jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ girama fi àwòrán kòkòrò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Kòkòrò náà pọ́n rúsúrúsú, ara rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ, ìrù méjì tó tín-ín-rín bí òwú yọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé ìjọba Amẹ́ríkà ti fi òfin dáàbò bo kòkòrò yìí, nítorí pé yìnyín tó ń fún un ní omi ń yọ́ tán lọ. Ẹ̀rín la fi dá a lóhùn. Ẹnìkan ní kí wọ́n bá wa kó ẹ̀fọn Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ sọ́hùn-ún, kí òfin lọ dáàbò bo ìyẹn náà. Èmi pàápàá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó di òru, tí iná ti lọ, tí ooru ò jẹ́ kí n sùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù títí bátìrì fi kú. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló mú mi jókòó kọ èyí, torí bí ìlú kan bá wà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí tètè yé, Òṣogbo ni.

Lednia tumana ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọmọ Kánádà kan, William Ricker, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1952. Iṣẹ́ lórí ẹja ni ayé fi mọ ọkùnrin yìí jù, àmọ́ ó fẹ́ràn àwọn kòkòrò tí ẹja ń jẹ náà. Ìdílé tí Lednia ti wá tóbi: irú wọn tí wọ́n ti mọ̀ káàkiri ayé lé ní 3,500. Abẹ́ òkúta inú odò ni àwọn ọmọ wọn ń fara pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi fi òkúta sọ wọ́n lórúkọ. Kòkòrò abẹ́-òkúta ni èmi náà á máa pè wọ́n. Ohun tí gbogbo ìdílé yìí fẹ́ràn kò ju omi tó ń ṣàn, tó mọ́, tí atẹ́gùn pọ̀ nínú rẹ̀. Lednia fi ohun kan kún un: òtútù. Omi tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ di, tí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ kì í sábà dé 10 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ni ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí pé omi inú ìkòkò wa nílé, láàárọ̀ kùtù, lé ní 20 dáadáa.

Ibi tí ó ń gbé jìnnà sí wa. Orí àwọn òkè Rocky ni, pàápàá jù lọ ní ọgbà ẹranko ìjọba tí wọ́n ń pè ní Glacier ní ìpínlẹ̀ Montana, ó sì kọjá ààlà díẹ̀ wọ Kánádà. Wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀ lọ́dún 1910. Glásíà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ohun tí a ò ní níhìn-ín rárá. Yìnyín tó bọ́ láti ojú ọ̀run lọ́dún yìí kò yọ́ tán kí tọdún tó ń bọ̀ tó bọ́ lé e. Ó ń ga, ó ń wúwo, ó ń fún ara rẹ̀ pọ̀, títí ó fi di odindi àpáta yìnyín tó ń fi tìkọ̀tìkọ̀ wọ́ bọ̀ nísàlẹ̀ òkè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, etí rẹ̀ á máa yọ́, omi á máa sun lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ omi yẹn gan-an ni Lednia ń gbé.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ lọ dúró ti àwọn tó ń ta omi tútù ní Ọláìyá ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Mo ní oníbàárà kan níbẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí ẹnu rẹ̀ mú. Kúlà rẹ̀ ti gbó, ihò kan wà nídìí rẹ̀ tó fi àkísà dí, àkísà náà ò sì dí i tán. Láàárọ̀, yìnyín bílọ́ọ̀kù ńlá méjì ló máa ń gbé sínú rẹ̀. Omi á máa kán láti ibi ihò náà, á fà lórí sìmẹ́ńtì bí okùn, á gba ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan ibi tí omi náà ti ń jáde: ó ń ta mí lọ́wọ́. Mo tún fi ìka kàn án ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta síwájú: ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá náà wò mí.

"Bọ̀dá, kí lẹ ń wá?"

"Mà, mò ń wo omi yín ni."

"Omi ìdọ̀tí? Ẹ ra èyí tó wà nínú ọ̀rá, ó tutù."

Mo ra méjì. Àmọ́ mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí. Lednia kò lè gbé ibi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí. Ẹsẹ̀ bàtà kan àkọ́kọ́ yẹn, níbi tí omi ṣì ń ta ni lọ́wọ́, ni gbogbo ayé rẹ̀. Bí ọ̀sán ṣe ń lọ, yìnyín inú kúlà ń kéré, omi tó ń kán ń dín kù, ibi tó tutù náà sì ń sún mọ́ kúlà sí i. Nígbà tó bá di aago mẹ́rin, sìmẹ́ńtì ti gbẹ. Ìyá oníyìnyín lè ra bílọ́ọ̀kù mìíràn lọ́la. Òkè Montana kò ní ẹni tí yóò ra òmíràn fún un.

Ìgbésí ayé kòkòrò náà kò gùn. Inú omi ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí kò tíì hu ìyẹ́, tó ń rá pálá láàárín òkúta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yìnyín tó bo odò bá ti ṣí, á gun orí òkúta jáde, á bọ́ awọ, á di àgbà tó ní ìyẹ́, á wá akọ tàbí abo, á yé ẹyin sínú omi, ó parí. Ìyẹ́ náà kì í gbé e jìnnà, àwọn ìdílé rẹ̀ kì í ṣe afòmáyẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò bi ni pé ṣebí ó ní ìyẹ́, ṣé kò lè kó kúrò ni? Níbo ni yóò kó lọ? Òkè kan sí òkè kejì, àfonífojì tó gbóná ló wà láàárín wọn. Ohun tó lè ṣe ni kí ó máa sún sókè lójú odò kan náà, kí ó máa tẹ̀lé òtútù. Ìgbà tó bá sì dé ìdí yìnyín, òkè ti tán nìyẹn.

Ẹ má rò pé òun nìkan ló fẹ́ràn òtútù báyìí. Kòkòrò kan tún wà ní òkè Kánádà, Amẹ́ríkà, Japan àti Kòríà, tí kò ní ìyẹ́ rárá, tó ń jáde lóru láti wá òkú kòkòrò tí atẹ́gùn gbá sórí yìnyín jẹ. Ọdún 1914 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, láti ara èyí tí wọ́n rí ní Banff ní Kánádà. Ìgbóná àtẹ́lẹwọ́ èèyàn tó láti pa á. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n wá ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù láyé kiri, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti bá a: ìran kòkòrò kan tí wọ́n kéde lọ́dún 2002, tó ń gbé Nàmíbíà, South Africa àti Tanzania, nínú ilẹ̀ gbígbẹ àti oòrùn. Ọ̀kan di ará yìnyín, èkejì di ará aṣálẹ̀.

Ó dáa, ká padà sí Lednia àti òfin.

Amẹ́ríkà ní òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1973 fún àwọn ẹ̀dá tó ń kú run. Ìpele méjì ló ní. Èkíní ni ti ẹ̀dá tó ti wà lẹ́nu ikú. Èkejì ni ti èyí tó máa dé ẹnu ikú láìpẹ́ bí nǹkan bá ń lọ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n fi ẹ̀dá kan sínú ìwé náà. Lọ́dún 2007, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹranko igbó kọ̀wé nítorí Lednia. Lọ́dún 2011, ìjọba dáhùn pé òótọ́ ni, ó yẹ, àmọ́ àwọn mìíràn wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba rí mọ irú ìdáhùn yẹn. Ọdún 2016 ni wọ́n tó dábàá láti fi orúkọ rẹ̀ sí i, oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni wọ́n tó fi sí i, òun àti ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Zapada glacier, lábẹ́ ìpele kejì. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kọ ìwé àkọ́kọ́ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí yìnyín láàárín ìgbà tí ìwé ń lọ tí ó ń bọ̀? Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi àwòrán tí wọ́n yà láti òkè wé ara wọn, láti ọdún 1966 dé 2015. Glásíà 39 ni wọ́n wò, 37 nínú ọgbà náà, méjì lẹ́bàá rẹ̀. Bí a bá pín in dọ́gba, glásíà kọ̀ọ̀kan ti pàdánù ìpín 39 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tó bò, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Àwọn kan pàdánù tó 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi di ọdún 2015, 26 péré ló ṣì tóbi tó ohun tí wọ́n lè pè ní glásíà. Àwọn tó kù ti di àbùlẹ̀ yìnyín lásán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dí nìyí. Kí ni òfin máa ń sọ nígbà tó bá fẹ́ dáàbò bo ẹranko? Ó máa ń ní kí ẹnikẹ́ni má pa á, kí wọ́n má mú un tà, kí iléeṣẹ́ ìjọba má ṣe la ọ̀nà tàbí kọ́ ìdènà odò níbi tó wà láìkọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wá wò ó: ta ló ń pa Lednia? Kò sí ẹni tó ń dín in tà lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí ọ̀nà tí wọ́n ń là, kò sí oko, kò sí ilé, inú ọgbà ìjọba ló wà, a ti dáàbò bo ilé rẹ̀ láti ọdún 1910. Gbogbo ẹnu ọ̀nà ló ní ọlọ́dẹ. Ooru tó ń yọ́ yìnyín rẹ̀ ló ń pa á, ìyẹn kò sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Inú afẹ́fẹ́ ló gbà, láti ara èéfín ọkọ̀, èéfín iléeṣẹ́, gáàsì tí wọ́n ń dáná sun káàkiri ayé, títí kan ti Niger Delta tiwa níbí.

Ṣé òfin yẹn wá lè pàṣẹ fún iléeṣẹ́ tó ń da èéfín jáde pé kí ó dín in kù nítorí kòkòrò kan? Wọ́n ti dán ìbéèrè yìí wò rí, lórí ẹranko tó tóbi jù ú lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, wọ́n fi béárì funfun tó ń gbé orí yìnyín òkun ní ìhà àríwá ayé sínú ìwé náà, nítorí yìnyín kan náà tó ń yọ́. Àmọ́ wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an pé àwọn ò ní lo òfin ẹranko láti fi ṣe òfin èéfín. Béárì wà nínú ìwé, èéfín ń lọ lójú ọ̀run. Bí béárì tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀ ò bá rí i ṣe, kí la fẹ́ kí kòkòrò tí kò gùn tó hóró ìrẹsì rí ṣe?

Ibi tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí dé nìyẹn tí mo fi gbé fóònù sílẹ̀, tí mo sì ń ronú nípa ìlú wa.

Àwa náà ní ọgbà. Igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75. Ẹ bi ọmọ Òṣogbo èyíkéyìí, yóò sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún yín: a kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í gé igi níbẹ̀, a kì í pa ẹja odò náà. Ọ̀bọ inú igbó yẹn ò bẹ̀rù èèyàn; wọ́n á wá gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ, bí o ò bá ṣọ́ra wọ́n á gba báàgì kún un. Ìgbà kan wà tí igbó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, tí àwọn agégi àti àwọn tó ń ta ilẹ̀ ń jẹ ẹ́ láti etí. Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, ará Austria tó di ọmọ Òṣogbo, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, ni wọ́n dìde sí i. Wọ́n gbẹ́ ère, wọ́n mọ ògiri, wọ́n bá ìjọba fà á. Ọdún 1965 ni ìjọba kọ́kọ́ fi apá kan rẹ̀ ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ọdún 2005 ni UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé. Inú ìwé kan náà ni ọgbà Glacier wà, láti ọdún 1995, pẹ̀lú èkejì rẹ̀ ní Kánádà. Àwa àti Lednia jọ wà lórí ìlà kan, a ò sì mọ ara wa.

Ó dé inú igbó, ààbò yẹn. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Igi wà. Ọ̀bọ wà. Àmọ́ odò ńkọ́? Odò Ọ̀ṣun kò sun nínú igbó Ọ̀ṣun. Ìgèdè-Èkìtì ló ti ń bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wúrà wà nínú ilẹ̀. Àwọn tó ń wà á fi ẹ̀rọ da ilẹ̀ létí odò, wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ nínú omi, omi sì ń kó gbogbo rẹ̀ bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró lórí afárá ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ti rí i: odò tí àwọn ìyá wa máa ń pọn omi rẹ̀ ti di omi amọ̀, bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí lámujù. Lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń bọ̀ má mu omi odò náà. Omi tí àwọn èèyàn ń gbé kẹ́ègì wá láti Brazil pọn! Kò sí ẹni tó rú èèwọ̀ kankan nínú igbó. Wọn ò gé igi, wọn ò pa ẹja. Òkè odò ni wọ́n ti ṣe é, ẹ̀yìn ọgbà.

Ohun tí mo ń sọ nìyí: a dáàbò bo ilé, ohun tó ń wọ inú ilé ló ń pa onílé. Fún Lednia, láti ojú ọ̀run ni. Fún Ọ̀ṣun, láti òkè odò ni. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ò lè mú èyíkéyìí nínú wọn.

Iyẹ̀pẹ̀ inú omi gan-an sì jẹ́ ọ̀tá ìdílé Lednia, láìka òtútù tàbí ooru sí. Àwọn ọmọ kòkòrò abẹ́-òkúta nílò àlàfo láàárín òkúta, kí omi máa gba ibẹ̀ kọjá, kí ó máa gbé atẹ́gùn wá fún wọn. Nígbà tí ẹrẹ̀ bá dí àlàfo náà, wọ́n á kú, bó ti wù kí omi tutù tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń yẹ omi wò káàkiri ayé fi máa ń yí òkúta láti wá wọn: bí wọ́n bá wà, omi mọ́, bí wọn ò bá sí, kí olúwarẹ̀ béèrè ohun tó lé wọn lọ. Àwọn ìbátan Lednia wà ní ilẹ̀ Áfíríkà náà, ìran kan tí wọ́n ń pè ní Neoperla, tí omi gbígbóná tiwa bá lára mu. Àwọn náà ò lè gba ẹrẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn tó ń jiyàn. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà sọ pé ariwo ti pọ̀ jù. Kì í ṣe pé wọn ò ní ẹ̀rí kankan. Lẹ́yìn tí Lednia ti wọ inú ìwé, àwọn onímọ̀ kó díẹ̀ nínú wọn, wọ́n mú omi wọn gbóná díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì rí i pé kòkòrò náà lágbára ju bí wọ́n ṣe rò lọ: ó fara da ìgbóná tó ju èyí tó ń rí nílé rẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí a mú èsì yìí ní òkúnkúndùn. Àmọ́ fífara dà á fún wákàtí díẹ̀ nínú abọ́ yàtọ̀ sí gbígbé inú rẹ̀, kí a jẹun, kí a dàgbà, kí a yé ẹyin, kí àwọn kòkòrò ìsàlẹ̀ odò tó fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ má sì gòkè wá gba oúnjẹ mọ́ wa lẹ́nu. Èmi náà lè jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa ní ọ̀sán oṣù kẹta fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má kọ́ ilé fún mi níbẹ̀. Àti pé bí glásíà bá tán pátápátá, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ìgbóná: odò kékeré mìíràn yóò gbẹ ráúráú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ń gbé omi kò sì lè fara da àìsí omi.

Iyàn kejì ni ti àwọn tó ń bi pé kí ni kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún èèyàn. Ẹja ń jẹ ẹ̀, ẹyẹ ń jẹ ẹ̀, òun náà ń jẹ ohun tó ń hù lára òkúta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì ní purọ́ pé oògùn jẹjẹrẹ wà nínú ìyẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí gbogbo ohun tó wà láyé kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa kí a tó jẹ́ kí ó wà, mo mọ àwọn èèyàn kan ní Òṣogbo tí ẹ̀rù á bà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an báyìí ju kòkòrò kan lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dábàá pé kí wọ́n yọ ìtumọ̀ kan kúrò nínú ìlànà òfin ọdún 1973 yẹn. Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má pa ẹ̀dá náà lára. Ìtumọ̀ tó ti wà tipẹ́ ni pé bí o bá ba ibùgbé ẹ̀dá kan jẹ́ débi pé ó kú tàbí pé ó ṣèṣe, o ti pa á lára nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ yọ ọ́ ní ìpalára kò gbọdọ̀ ju kí a fọwọ́ ba ẹranko náà fúnra rẹ̀: kí a yìnbọn fún un, kí a dẹ pańpẹ́ sílẹ̀ fún un. Ibùgbé jẹ́ ọ̀tọ̀, onílé jẹ́ ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo, ẹ rántí bí ìlú wa ṣe gba orúkọ. Nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn èèyàn wọn wá láti Ìpólé nítorí omi tó wọ́n wọn, wọ́n dé etí odò, wọ́n ń gé igi láti dá oko. Igi kan wó sínú omi. Ohùn kan jáde láti inú odò pé, "Ẹ̀yin oṣó inú igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Igi náà ò ba Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀. Ìkòkò ló bà, ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀, ilé rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà tó jiyàn pé ìkòkò lásán ni, kò kàn án lára. Wọ́n tọrọ gáfárà, wọ́n kó sókè kúrò létí omi, wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn. Ẹja ńlá kan ló wá gba ọrẹ lọ́wọ́ Láròóyè, ó tẹ́wọ́ gba ẹja, ibẹ̀ ni oyè Àtáọ́ja ti wá. Orúkọ ìlú wa, ẹ̀sùn ìbùgbé bíbàjẹ́ ni. Oyè ọba wa, àdéhùn pẹ̀lú ẹja ni. Nígbà tí agbẹjọ́rò kan ní Washington bá ń sọ pé ilé yàtọ̀ sí onílé, a ti gbọ́ ẹjọ́ yẹn níbí, a sì ti dá a.

Ní ti yìnyín, kò sí ẹni tó mọ òfin tí yóò mú un padà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2025 sọ́tọ̀ fún glásíà, wọ́n sì fi ọjọ́ 21 oṣù kẹta ṣe àyájọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. UNESCO sọ lọ́dún 2022 pé nínú ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ibi tó ní glásíà nínú ìwé ogún àgbáyé, glásíà yóò ti tán kí ó tó di ọdún 2050, títí kan àwọn tó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Áfíríkà, lórí òkè Kilimanjaro àti òkè Kenya. Ohun tí òfin lè ṣe fún Lednia ní báyìí kò ju kí wọ́n mọ ibi tó wà, kí wọ́n má fi ẹja àjòjì kún odò rẹ̀, kí wọ́n wá àwọn orísun omi tó tutù láti inú ilẹ̀, tí kò dúró de glásíà, kí wọ́n sì pa ìyẹn mọ́ fún un. Ibi kéékèèké. Bí àwa náà ṣe lè sọ pé kí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun máa ṣọ́ igbó lọ, àmọ́ iṣẹ́ tó kù wà ní Ìjẹ̀ṣà, lọ́wọ́ ẹni tó ń fún awakùsà níwèé àṣẹ àti ẹni tó ń wo àwọn tí kò gba ìwé rárá.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo gba ọ̀nà Ìkìrun lọ, mo yà sí odò kékeré kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré, tí kò sí lára èyí tí èèwọ̀ dé. Mo ká ṣòkòtò, mo wọ inú rẹ̀. Òkúta àkọ́kọ́ tí mo yí, ẹrẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìkejì, ọ̀rá omi. Ìkẹta wúwo, nígbà tí mo yí i, nǹkan kan sáré lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó gun ẹ̀gbẹ́ òkúta, ó dúró. Mo ti kà á pé ìrù méjì ni ti kòkòrò abẹ́-òkúta máa ń jẹ́, pé ìrù mẹ́ta sábà máa ń jẹ́ ti ìran mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé omi mímọ́. Mo gbé ojú sún mọ́ ọn, mo kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo dá òkúta náà padà bó ṣe wà, mo sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó fẹ́ kó ẹ̀fọn lọ sí Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Níbo lo ti rí i? Ṣé ó ṣì kù níbẹ̀?"